Ìyá Ní Dúdú Ni

Kí ẹ má bàa rò pé a ti sá kúrò ní Ẹ̀ka Yorùbá, ẹ jẹ́ ká tètè là á: Yorùbá la ṣì ń kà. Àmọ́ nínú ìsinmi tó kọjá, àwa mẹ́ta tí a jọ máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì ṣe fìtílà kan tó ń yí àwọ̀ padà, a gbé e lọ sí Joga-Orílé lọ́dọ̀ Ìyá, ohun tí a sì lọ wá níbẹ̀ kọ́ la bá bọ̀.

Kíláàsì orúkọ àwọ̀ ló fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde á rántí àríyànjiyàn yẹn, torí a gbọ́ pé ọdọọdún ló ń wáyé. Olùkọ́ á ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ mẹ́ta péré ló jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè Yorùbá: dúdú, pupa, funfun. Wọ́n á mẹ́nu ba ìwé tí Brent Berlin àti Paul Kay kọ lọ́dún 1969, tó sọ pé èdè yòówù tó bá ní ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta fún àwọ̀, àwọn mẹ́ta yìí náà ni yóò jẹ́. Ni kíláàsì á bá dàrú. Àwọ̀ ewé ńkọ́? Aró ńkọ́? Ayìnrín ńkọ́? Wọ́n á ní ewé, nǹkan inú oko ni. Aró, ohun tí a fi ń rẹ aṣọ ni. Ẹni tó wọ aṣọ aró, ṣebí aṣọ dúdú la máa ń ní ó wọ̀.

Ọ̀kan nínú wa ní ìyá àgbà ní Joga-Orílé, tí wọ́n rẹ aṣọ láti kékeré títí wọ́n fi bí ọmọ karùn-ún. A ní kí ló dé tí a ń jà nínú kíláàsì nígbà tí aláró wà láàyè? A ó lọ fi àwọ̀ han Ìyá, wọ́n á sọ orúkọ rẹ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí wa. Ìwé aláwọ̀ la kọ́kọ́ rò, àmọ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣeé gbára lé. Pupa òní kì í ṣe pupa ọ̀la, bí íǹkì bá sì ti ń tán, ewé tútù á di ewé gbígbẹ. Ọ̀rẹ́ wa kan ní Ẹ̀ka Físíìsì ló ní, “Ẹ lo iná. Iná ní nọ́ńbà. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó rí àwọ̀ yẹn gan-an padà lọ́jọ́ mìíràn.”

Ohun tó wà nínú fìtílà náà kò pọ̀. Arduino Nano kan, pátákó tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ọpọlọ rẹ̀ ń jẹ́ ATmega328P. Ọ̀já iná kan tí wọ́n ń pè ní WS2812B, a gé e kó ku gílóòbù wẹ́wẹ́ 16. Nínú gílóòbù kọ̀ọ̀kan, iná mẹ́ta ló há mọ́ra wọn: ọ̀kan pupa, ọ̀kan bí ewé, ọ̀kan bí aró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nọ́ńbà láti 0 dé 255. Ẹ rò ó bí ẹ̀rọ omi mẹ́ta tó ń dà sínú garawa kan: 0, ẹ pa á pátá, 255, ẹ ṣí i gbayawu. Bí ẹ bá ṣe ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ni àwọ̀ tó wà nínú garawa yóò ṣe rí. A ṣe é, a rí i pé àwọ̀ tó lè ti ibẹ̀ jáde jẹ́ 16,777,216. Èdè Yorùbá sì ní mẹ́ta! A rẹ́rìn-ín títí.

Nǹkan mẹ́ta tí a lè yí bíi fólúùmù rédíò ló ń darí iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Agolo rẹ̀ jẹ́ ike àìsìkiriìmù funfun tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, kí iná má baà gún èèyàn lójú. Páwà báǹkì ló ń gbé e, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lé NEPA lọ́wọ́. (A mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ti yí padà. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní òmíràn nílé wa.)

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tàn án, a ní kó tan pupa, ó tan àwọ̀ ewé. A ní kó tan àwọ̀ ewé, ó tan pupa. Odidi ìrọ̀lẹ́ la fi wá ẹni tó ṣẹ̀ wá. Ó wá yé wa pé irú iná yìí, nọ́ńbà ewé ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i, pupa ló tẹ̀ lé e, aró ló gbẹ̀yìn. Àwa ti kọ pupa síwájú nínú ètò wa. A yí lẹ́tà mẹ́ta padà, ó tán. Èkejì le ju ìyẹn lọ. Bí a bá dín iná kù, fìtílà á tàn fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, á kú. Páwà báǹkì ló fà á: bí ohun tó ń fà lára rẹ̀ bá kéré jù, ó máa ń rò pé fóònù ti kún, á sì pa ara rẹ̀. A ní láti fi resistor 47 ohm kan tó lágbára síbẹ̀ tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa jẹ iná lásán lọ, kí páwà báǹkì lè mọ̀ pé a ṣì wà. Ẹ rọra fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó ń bọ̀ wá gbé wa ṣánlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà bàrá díẹ̀. Nínú iná mẹ́ta yìí, àwọ̀ aró ló fi ìyà jẹ aráyé jù lọ. Ọdún 1962 ni Nick Holonyak ti ṣe èyí tó ń tan pupa ní Amẹ́ríkà. Ti àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e. Ti aró kọ̀ jálẹ̀, títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 kó tó tàn dáadáa, lọ́wọ́ àwọn ará Japan mẹ́ta, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì fún un lọ́dún 2014. Torí kí ni ariwo fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Torí pé láìsí aró, kò sí funfun. Pupa àti ewé nìkan, bó ti wù kí ẹ dà wọ́n pọ̀ tó, àwọ̀ ìyeyè ni yóò jáde. Ìgbà tí aró bá dé ni iná tó ń funfun. Gbogbo gílóòbù funfun tó wà nílé yín lónìí, aró ló wà nínú ikùn rẹ̀.

A gba Ìlaròó lọ. Ojú ọ̀nà gbo fìtílà náà débi pé wáyà kan já, ẹ̀gbọ́n atúnrédíòṣe kan létí ọjà ló bá wa fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n kàn ní ká tan pupa, ká tan ewé, ká tan aró fáwọn wò, wọ́n ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka Yorùbá náà?” Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwa náà.

Ìyá ti gbọ́ pé a ń bọ̀. Wọ́n ti sè ẹ̀wà kalẹ̀, wọ́n sì ti fọ ìkòkò aró kan tó ti dojú dé lẹ́yìnkùlé láti ìgbà tí a ò tíì bí wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tí ìwé kankan ò kọ́ wa: bí wọ́n ṣe ń já ewé èlú, bí wọ́n ṣe ń gún un, tí wọ́n ń ṣù ú, tí wọ́n ń sá a, omi tí wọ́n ń sẹ́ nínú eérú, ọjọ́ tó máa ń gbé nínú ìkòkò títí yóò fi kan. Wọ́n ní aṣọ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò kì í ṣe aláró rárá, bí ewé ló máa ń rí, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú yín báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ rì í, ó mọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di ayìnrín. Bí ẹ bá ń rì í tí ẹ ń sá a, tí ẹ tún ń rì í, ó di ètù. “Ojú ni a fi ń mọ ibi tí a ó dá a dúró,” Ìyá wí. “Ọwọ́ lásán ò mọ aró rẹ.”

Lálẹ́, a gbé fìtílà sórí àpótí. Ètò wa ni pé a ó yí àwọ̀ 24 kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń yí, ọ̀kan ń kọ, ọ̀kan ń fi fóònù gba ohùn Ìyá sílẹ̀. Pupa dé: “Pupa fòò.” Ó ń lọ sí àwọ̀ ọsàn: “Pupa ni, bí epo.” Àwọ̀ ìyeyè: “Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.” Àwọ̀ ewé: “Ewé ẹ̀fọ́.” Inú wa ń dùn. A wá wọ agbègbè aró. Mẹ́sàn-án nínú 24 wà níbẹ̀, láti orí èyí tó mọ́ bí ojú ọ̀run òwúrọ̀ dé èyí tó jìn bí ètù. 

“Dúdú.”

A yí òmíràn. “Dúdú ni.”

Òmíràn. “Dúdú náà kọ́ nìyẹn?”

A ń tẹ ara wa lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹ gbà wá gbọ́, bí ẹni tó tẹ́tẹ́ jẹ fún la rí. Aláró fúnra rẹ̀, tó ti rẹ aṣọ fún ọdún gbọọrọ, rí aró mẹ́sàn-án, ó sì pè é ní dúdú lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án! Olùkọ́ jàre. Berlin àti Kay jàre. A ti ń ro bí a ó ṣe kọ orí kẹta.

Ní èyí tó kẹ́yìn, Ìyá ní, “Ó ti kú.” Ẹni tó ń yí i dáhùn pé, “Ẹ má bínú, Ìyá, páwà báǹkì yìí ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.” Ó na ọwọ́ láti tún un tàn. Fìtílà kò kú. Ó ń tàn gan-an, 255 aró, ògiri ilé ti di aró. Ọ̀kan nínú wa rí i. Kò sọ nǹkan kan. Ó ní òun rò pé Ìyá ń ṣàwàdà ni.

Funfun la fi parí: 255, 255, 255. Ìyá wò ó, wọ́n ní, “Èyí pọ́n. Ẹ ti fi èyí hàn mí lẹ́ẹ̀kan.” A rẹ́rìn-ín, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé “ó ti rẹ̀ wọ́n”, a sì lọ sùn.

Ní òwúrọ̀, Ìyá ṣí àpótí, wọ́n kó aṣọ méjì jáde láti fi hàn wá, ọ̀kan tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èkejì ètù. Lójú wa, kò jọra rárá. Ọ̀kan bí ojú ọ̀run, ọ̀kan bí òru. Ìyá dà wọ́n rú lọ́wọ́. Wọ́n gbé ètù sókè, wọ́n ní ayìnrín nìyí. Ọmọ-ọmọ wọn ní, “Ìyá, ìyẹn kọ́.” Wọ́n gbé méjèèjì súnmọ́ ojú, wọ́n fi àtàńpàkò ra wọ́n, wọ́n ní aṣọ ti gbó, àwọ̀ ti ṣí lára wọn, méjèèjì ti di ọ̀kan náà.

Ojú la fi ń mọ ibi tí a ó dá a dúró. Wọ́n ti sọ ọ́ fún wa lánàá!

Ẹni tó kọ ètò fìtílà nínú wa ló kọ́kọ́ jókòó tì í. Ó mú bírò, ó kọ 255, 255, 255. Ó fagi lé èyí tó kẹ́yìn. Ó ku 255, 255, 0. Àwọ̀ ìyeyè nìyẹn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gba aró wọlé, bí funfun yóò ṣe rí lójú rẹ̀ gan-an nìyẹn: yóò pọ́n. Ìyá ò ṣàwàdà, kò sì rẹ̀ wọ́n. Wọ́n kàn ń sọ ohun tí wọ́n rí fún wa, wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹ̀rí gírámà.

A dán an wò lálẹ́ ọjọ́ náà láìsọ ohun tí a ń wá. A tan funfun, a tan ìyeyè, a bi wọ́n bóyá ó yàtọ̀. Wọ́n ní, “Ọ̀kan tàn ju ọ̀kan lọ ni.” A pa gbogbo iná ilé, a tan aró nìkan, a dín in kù díẹ̀, a ní kí wọ́n fọwọ́ kan fìtílà tó bá ń tàn. Ìyá na ọwọ́ sí ike náà, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni ń wò ó bóyá ìkòkò gbóná. “Ó ń tàn?” wọ́n bi wá. Ọmọ-ọmọ wọn dìde, ó jáde síta.

Ó wá di ọ̀rọ̀ ẹbí. Ìyá ní ogbó ni, kí la fẹ́ kí ojú ẹni tó ti tó báyìí máa rí? Ohun tó dẹ́rù bà wá jù ni pé ọ̀rẹ́ wọn kan ti sọ fún wọn nípa ọkùnrin kan tó ń wá lọ́jọ́ ọjà, tó ń fi abẹ́rẹ́ ti ohun tó bo ẹyinjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Owó rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n ní lójú ẹsẹ̀ lèèyàn á tún ríran. Ìyá ti ń tọ́jú owó rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Irú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa, àwọn dókítà ojú sì ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ títí, torí ohun tó tì kì í jáde. Inú ojú ló máa ń já bọ́ sí, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì ríran lọ́jọ́ kìíní ló máa ń fọ́jú pátápátá lẹ́yìn náà. A sọ ọ́. Ìyá ní ọmọdé ni wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó ń gbé ní Ayétòrò, ló wá bẹ̀ wọ́n títí ọjọ́ fi rọ̀ kí wọ́n tó gbà láti bá wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta.

Dókítà fi iná wo ojú méjèèjì. Ó ní dígí kékeré kan wà nínú ojú gbogbo èèyàn, funfun kedere ló máa ń jẹ́ lọ́mọdé, bí ọjọ́ orí bá ń lọ, á máa pọ́n, á tún máa ṣú, títí yóò fi dà bí ìgò bíà. Ti Ìyá ti dé orí ìgò bíà náà. Iná aró ni irú dígí bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń dí lọ́nà. Ó ní ó ṣeé yọ, wọn á sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà la kà nípa Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, tí ojú tirẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún rẹ̀ lọ́dún 1923. Àwọn àwòrán tó yà kí wọ́n tó ṣe é pọ́n bí ìpàdé oòrùn àti èéfín. Ọ̀gá nínú àwọ̀ ni.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún Ìyá. Owó rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ẹbí dá a, àwa náà ta fóònù kan. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, a ò sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la gbé fìtílà padà sí Joga-Orílé.

Ìyá ti ń dúró dè wá. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ ká jẹun. “Ẹ tan án.” A tan funfun. Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú òsì, wọ́n wò ó. Wọ́n bo ojú ọ̀tún, wọ́n wò ó. Wọ́n tún un ṣe bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. “Funfun. Pupa. Funfun. Pupa. Ẹ wá wo nǹkan!” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n fún ní bàlúùnù. “Ojú kan ṣoṣo lèmi fi ń bá yín jiyàn lánàá.” Kì í ṣe àná mọ́, ó ti lé ní oṣù méjì.

A yí àwọ̀ aró mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kalẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá láti bèèrè. Ìyá mú èyí tó mọ́ jù, wọ́n ní ojú ọ̀run ni, ojú ọ̀run ọyẹ́ kọ́ o, ti ẹ̀yìn òjò. Wọ́n pe méjì ní ayìnrín. Wọ́n ní ìkan dà bí aṣọ tí ẹni tó kánjú rẹ, tí kò jẹ́ kó gbẹ kó tó tún un rì. Nígbà tí a dé orí mẹ́ta tó kẹ́yìn, tí a yí i dé 255, ògiri di aró, ojú Ìyá náà di aró, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Dúdú ni,” wọ́n wí.

A wo ara wa. Ẹni tó mú bírò kò mọ bóyá kó kọ ọ́.

“Kí lẹ̀ ń wò? Dúdú ni mo wí. Ètù kì í ṣe dúdú ni?” Wọ́n fa ike náà súnmọ́ra. “Mo rí i. Ẹ kọ ọ́.”

A kọ ọ́. Orí kẹta tí a ti kọ tẹ́lẹ̀ la fà ya, a sì ní láti lọ bá olùkọ́ wa pé dúdú mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án wa kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n wò wá títí, wọ́n béèrè bí ojú Ìyá ṣe rí báyìí kí wọ́n tó béèrè ìgbà tí iṣẹ́ máa jáde. Oṣù tó ń bọ̀ ni ti ojú òsì. Fìtílà ṣì wà lórí àpótí ní Joga-Orílé. Ìyá ní ká má gbé e lọ, àmọ́ kí a wá bá àwọn dín àwọ̀ ewé rẹ̀ kù, torí kò sí ewé ẹ̀fọ́ kankan tó rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Yewa.